Ẹyẹ Tí Mo Mọ Orúkọ Rẹ̀ Tí N Kò Mọ Ojú Rẹ̀

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo ti kọ nǹkan síbí kẹ́yìn. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Ìrìn àjò ni mo lọ, ìrìn àjò náà kò sì jìn ju Ìbàdàn àti Ìdànrè lọ. Ohun tí ó gbé mi lọ ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí, nítorí ọ̀rọ̀ èdè ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyẹ ni mo lọ wò.

Ní òpin ọdún tí ó kọjá, mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kejì ní iṣẹ́ lórí ewì àbáláyé. A dé orí ìwúre tí gbogbo yín mọ̀, èyí tí ó fi aró fún agbe, tí ó fi osùn fún àlùkò, tí ó sì fi ẹfun fún lékeléke. Mo ṣàlàyé ìhun gbólóhùn rẹ̀ àti bí ó ṣe ń tún ara rẹ̀ pè. Inú mi dùn sí ara mi. Ọmọbìnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn na ọwọ́ sókè. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹyẹ wo gan-an ni àlùkò?” Mo ní ẹyẹ tí ìyẹ́ apá rẹ̀ pọ́n ni. Ó ní, “Ṣé ẹ ti rí i rí, sà?”

N kò rí i rí. Mo wí bẹ́ẹ̀ fún un, kíláàsì sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò ní ìkà nínú. Ṣùgbọ́n mo gbé ìbéèrè náà wọ mọ́tò lọ sílé. Mo lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ohùn ìsàlẹ̀ mẹ́ta ni ó tò sórí àlùkò, pé ohùn àárín méjì ni ó wà lórí agbe, pé lékeléke ń gòkè ó ń sọ̀ bí ẹni tí ó wà lórí àkàbà. Orí ohùn ni mo ti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Síbẹ̀ bí àlùkò bá fò kọjá níwájú mi, ẹyẹ lásán ni n ó rí. Mo ṣí àwọn ìwé atúmọ̀ èdè mi ní alẹ́ ọjọ́ náà, wọn kò gbà mí. Àwọn ògbufọ̀ kan ń kọ woodcock sí ipò àlùkò. Ẹyẹ aláwọ̀ ewé gbígbẹ ti ilẹ̀ òtútù ni ìyẹn, kò sí osùn kankan lára rẹ̀. Ìwé R. C. Abraham, tí ó jáde ní 1958, ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, nítorí ó gbìyànjú láti so orúkọ ẹyẹ pọ̀ mọ́ ẹyẹ gan-an. Ṣùgbọ́n orúkọ Látìn kì í fò, kì í sì í ké.

Àjàó Estate ni mo ń gbé, láàárín Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń dá ọ̀rọ̀ dúró lẹ́nu kí bàálù kọjá, kí á tó parí rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń fi àdúgbò mi ṣẹ̀fẹ̀, nítorí orúkọ rẹ̀ fara jọ ti ẹ̀dá inú àlọ́ nì tí eku ní kì í ṣe ara àwọn, tí ẹyẹ náà sì ní kì í ṣe ara àwọn. Mo gbà fún wọn. Ẹyẹ tí ó kù ní àyíká wa kò pọ̀: kannakánná tí ń jalè lórí ààtàn, àwòdì tí ń rà bàbà lókè Òṣòdì, ẹyẹlé, àti ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ kan ṣoṣo tí ó kù ní òpópónà wa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lékeléke máa ń kọjá ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ọmọdé kan tí ó na èékánná sí wọn pé kí wọ́n sọ ọ́ di funfun, bí àwa ti ń ṣe. Igún tí ó máa ń bà sórí òrùlé ọjà nígbà tí mo kéré, n kò rí i mọ́. Láti 2015 ni àwọn onímọ̀ ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ẹyẹ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ run pátápátá.

Bàbá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, láti ìgbà tí àìsàn ti gba ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni, ọdẹ sì ni, ní abúlé kan ní etí igbó Ọmọ ní ìhà Ìjẹ̀bú, igbó ọba tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1977. Mo bi í ní alẹ́ ọjọ́ náà pé, “Bàbá, báwo ni àlùkò ṣe rí?” Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Àkànní, bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀, n ó mọ̀ ọ́n. Àtifẹnu ṣàlàyé rẹ̀ ni ó ṣòro.”

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ní 2008, nígbà tí mo ń kó ohùn jọ fún iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé mi, mo jókòó ti bàbá mi ní abúlé fún odindi ọjọ́ méjì pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Ó ń pe ọ̀rọ̀ tí mo kọ sínú ìwé: igbá, igba, ìgbà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ẹyẹ kan ké lẹ́yìn ilé. Bàbá dá ọ̀rọ̀ dúró, ó gbé ìka sókè, ó ní, “Ṣé o gbọ́ ìyẹn?” Ojú rẹ̀ ń dán. Èmi ní kí á tún ọ̀rọ̀ náà pè, nítorí ẹyẹ ti ba ohùn jẹ́. Bàbá tún un pè. Mo pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Títí di òní n kò mọ ẹyẹ tí ó jẹ́, mo sì ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà kò rántí.

Bí mo ṣe wá afinimọ̀nà nìyẹn. Iṣẹ́ wà tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ọ̀ṣun kan ni, tí ó ń mú àlejò wọ igbó kí wọ́n lè wo ẹyẹ, tí wọ́n sì ń sanwó fún un. Òyìnbó ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí mo pè é lórí fóònù tí mo ní Yorùbá ni mí, àti pé ohùn ẹyẹ ni mo ń wá ju ojú rẹ̀ lọ, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Kò burú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má wọ aṣọ funfun o.”

Ní oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí ọyẹ́ ń mú, mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Agége. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní 2021, Mọ́níyà sì ni ó ń jáni sí. Kò jìnnà síbẹ̀ mọ́ ọgbà IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé igbó wà nínú ọgbà náà, nǹkan bí 350 héktà. Oko àti abúlé ló wà lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ará abúlé kúrò, tí ẹnikẹ́ni kò sì gé igi níbẹ̀ mọ́, igbó tún ara rẹ̀ hù. Irú ẹyẹ tí wọ́n ti kà níbẹ̀ lé ní 200. Ẹ wo Ìbàdàn tí ó yí i ká, kí ẹ wá ronú sí i.

A wọ inú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo rò pé a óò máa rìn ni. Ìdúró ni a dúró. Ìṣẹ́jú márùn-ún níbí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́hùn-ún. Awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn wà lọ́rùn mi, kò sì wúlò fún mi púpọ̀, nítorí ẹni tí kò mọ ibi tí yóò wò, ewé ni yóò máa rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kì í wòkè rárá. Yóò tẹrí sílẹ̀, yóò fi etí kan sí apá ọ̀tún, yóò dárúkọ ẹyẹ ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́, yóò sì tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo orúkọ tí ó dá. Nígbà tí mo bi í ní orúkọ wọn ní Yorùbá, ó mọ òwìwí, ó mọ àparò, ó mọ àṣá. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí ó kọ́ mi ní iṣẹ́ kò gbọ́ Yorùbá, bàbá mi sì jẹ́ dírẹ́bà.” Mo rí i pé àwa méjèèjì pín in gba ni: ẹyẹ wà lọ́wọ́ tirẹ̀, orúkọ wà lọ́wọ́ tèmi, a kò sì mọ bí a ó ṣe fi wọ́n fún ara wọn.

Ó fi ẹyẹ kan hàn mí tí inú rẹ̀ dùn sí gan-an, dúdú tí orí àti àyà rẹ̀ pọ́n, ìbátan ẹ̀gà. Malimbus ibadanensis ni wọ́n ń pè é, Ìbàdàn wà nínú orúkọ rẹ̀. Elgood ni ó ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní 1958, ìhà ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà yìí ni ibùgbé rẹ̀, ó sì wà nínú ewu àtirun. Ọdún kan náà tí Abraham tẹ ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde ni wọ́n fún ẹyẹ yìí ní orúkọ Látìn. Bóyá àwọn ará abúlé tí wọ́n kó kúrò níbẹ̀ ní orúkọ fún un. Bí wọ́n bá ní i, ìwé kò mú un.

Nǹkan bí agogo mẹ́jọ, ohùn kan bú jáde láti orí igi, ó le, ó ń tẹ̀léra wọn bí ẹni tí ń fi ikọ́ dá ẹlòmíràn lóhùn. Mo gbé ẹ̀rọ mi sókè. Ẹyẹ kan tí ó tó àkùkọ kékeré ń sáré lórí ẹ̀ka bí ọ̀kẹ́rẹ́, ara rẹ̀ tutù bí ewé, n kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí i. Lẹ́yìn náà ó na apá láti fò, abẹ́ apá rẹ̀ sì pọ́n. Kì í ṣe pupa ata, kì í ṣe pupa ẹ̀jẹ̀. Osùn ni. Mo ti rí osùn lára ìyàwó ìkómọ, mo ti rí i lára ògiri ojúbọ, n kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu, ọmọ náà sì yí ojú sí mi pé kí n dákẹ́.

Turaco ni ó pè é. Nígbà tí a jókòó láti jẹ búrẹ́dì, ó sọ fún mi pé pupa yẹn kò sí lára ẹ̀yà ẹyẹ mìíràn ní ayé, pé bàbà gidi, irú èyí tí a fi ń ṣe wáyà iná, wà nínú àwọ̀ náà. Ó tún sọ ìtàn kan fún mi tí ó gbọ́ ní Jos, níbi tí ó ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹyẹ dúdú kékeré kan wà níbẹ̀ tí ń yé ẹyin sínú ìtẹ́ ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń kọ́ orin ẹni tí ó tọ́ wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Payne láti Amẹ́ríkà gbọ́ orin náà lẹ́nu wọn, ó sì rí i pé kò bá ti ẹyẹ kankan tí òun mọ̀ mu. Ó wá alágbàtọ́ náà títí ó fi rí i láàárín àwọn àpáta, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹyẹ tuntun ní 1998. Àyálò orin ni ó tú àṣírí olórin. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àyálò mọ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ dáadáa, àfi pé tiwa kì í ní ìyẹ́.

Ìdànrè ni a lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì. N kò ní pẹ́ lórí òkè náà, nítorí ọ̀pọ̀ yín ti gùn ún, orókún mi kò sì tíì dárí jì mí. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. Ìlú àtijọ́ wà lókè lọ́hùn-ún pẹ̀lú ààfin Ọwá, Nàìjíríà sì ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú UNESCO láti 2007. Ohun méjì ni mo mú bọ̀ níbẹ̀. Èkíní ni ẹyẹ kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi, tí ìrù rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì, tí ó ń fò bí ẹni pé òwú ni wọ́n so mọ́ ọn ní ìdí. Bí ẹ bá bi akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá ní ohun tí ọ̀kín jẹ́, mẹ́sàn-án yóò ní peacock ni. Ṣùgbọ́n Íńdíà àti Sri Lanka ni ilé ìyẹn, ìbátan rẹ̀ kan ṣoṣo ní Áfíríkà sì wà nínú igbó Kóńgò, tí àwọn onímọ̀ kò ṣàpèjúwe títí di 1936. Ta ni ó gbé e wá fún àwọn baba wa kí wọ́n tó fi ki ara wọn? Mo gba ohùn ẹlẹ́rù ìrù náà sílẹ̀.

Èkejì jẹ́ ohùn òru. Àárín òru ni, ní ẹ̀yìn ilé tí a sùn sí ní ẹsẹ̀ òkè. N kò lè ṣàpèjúwe rẹ̀ fún yín. Ó ké, ó dákẹ́, ó tún ké, gbogbo ajá àdúgbò sì panu mọ́. Mo gbà á sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Ní òwúrọ̀ afinimọ̀nà mi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní bóyá òwìwí ni, bóyá kì í tilẹ̀ ṣe ẹyẹ, bóyá òfàfà ni. Ó sọ fún mi pé ní 2021 ni àwọn onímọ̀ ya òfàfà tí ó wà láàárín odò Volta àti odò Ọya sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà tuntun, àti pé igbe rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣòfófó: àwọn yòókù ń lọgun, tiwa ń gbó.

Mo padà sí Àjàó Estate pẹ̀lú ohùn mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Alẹ́ mẹ́rin ni a fi gbọ́ wọn. Bàbá jókòó sórí àga rẹ̀ nínú fàráǹdà, mo gbé ẹ̀rọ sórí àpótí, a sì ń dúró de àlàfo láàárín bàálù kan àti èkejì. Bí àwọn aládùúgbò bá tan jẹnẹrétọ̀, a di ọ̀la nìyẹn.

Ẹ̀yin ará, mo ti jókòó níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n fi ìbéèrè gún mi lára nígbà oyè, n kò rí ẹni tí ó gbọ́ nǹkan bí bàbá mi ti gbọ́ ọ. “Àtíòro.” “Òrofó, gbọ́ bí kò ṣe lè pa ẹnu mọ́.” Àdàbà kan tí ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tí ó wá ń yára, ó ní owó ni ó ń kà, pé ẹ̀rù ń bà á pé kò ní pé. Ohùn kan tí mo rò pé ẹyẹ kan ṣoṣo ni, ó ní, “Tọkọtaya ni wọ́n. Ọkọ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, aya parí i.” Mo pe afinimọ̀nà lórí fóònù, ó sì ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Láti ìgbà náà ni àwọn méjèèjì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, n kò sì sí láàárín wọn mọ́. Ọmọ náà ń pè é ní Bàbá Ọdẹ. Ó ń kọ orúkọ sílẹ̀.

Nígbà tí a dé orí ohùn àfi-ikọ́-dáni-lóhùn, ọkàn mi ń lù kìkì. Bàbá gbọ́ ọ tán. Ó ní, “Ẹbí àlùkò ni. Kì í ṣe àlùkò fúnra rẹ̀. Tirẹ̀ jìn jù báyìí lọ.” Mo ní mo rí osùn lábẹ́ apá rẹ̀. Ó ní, “Ṣé ìwọ nìkan ni ó ní àwọ̀ rẹ nínú ẹbí rẹ ni?” Ní ti ẹlẹ́rù ìrù, ó ní ọ̀kín ni àwọn ń pè é lóko, èyí tí àwọn ọba ń lò, òun kò rí i rí, òun kò sì ní parọ́.

Mẹ́rìndínlógún ni ó dárúkọ nínú ọgbọ̀n. Márùn-ún, ó ní wọn kò sí ní igbó tiwọn. Mẹ́sàn-án yòókù ni ó dùn mí jù: ó mọ̀ wọ́n, ó mọ igi tí wọ́n ń bà sí àti ìgbà tí wọ́n ń yé, ṣùgbọ́n orúkọ kò wá. Yóò ṣí ẹnu, yóò pa á dé. “Ẹ̀gbọ́n mi ni ó máa ń dá a,” ni ó sọ nípa ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti kú ní 2011.

Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, “Odídẹrẹ́ ńkọ́?” Mo ní a kò gbọ́ ọ̀kan. Ó ní, “Ní gbogbo ọjọ́ yẹn?” Mo ní ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Mo ṣàlàyé fún un pé wọ́n ti kó wọn tà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè ayé fi péjọ ní Johannesburg ní 2016, tí wọ́n sì fi òfin de òwò wọn. Kò fèsì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní ní ìrọ̀lẹ́, bí àwọn bá ń ti oko bọ̀, ọ̀wọ́ wọn máa ń kọjá lórí àwọn tí àwọn kò fi ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn. Pé ìkóódẹ ń já bọ́ sí ojú ọ̀nà, àwọn ọmọdé ń ṣà á. Bàálù kan kọjá. Ó dúró kí ó lọ tán, kò sì parí ọ̀rọ̀ náà.

Ó ku ohùn òru. Mo tàn án. Kò tíì ké lẹ́ẹ̀kejì tí Bàbá fi na ọwọ́, tí ó ń wá ẹ̀rọ náà kiri lórí àpótí. “Pa á! Àkànní, pa á!” Mo pa á. Ó ní kowéè ni. Gbogbo yín mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa kowéè àti ilé tí ó bá ké sí. Ó ní n kò gbọ́dọ̀ mú irú ohùn bẹ́ẹ̀ wọ ilé tí àgbàlagbà wà, kí n pa á rẹ́, kí òun gbọ́ pé mo ti pa á rẹ́. Ẹ̀rọ mi máa ń dún bí nǹkan bá parẹ́ nínú rẹ̀. Ó gbọ́ ọ. Ara rẹ̀ wálẹ̀.

N kò sọ fún un pé ẹ̀dà kan wà nínú kọ̀ǹpútà mi ní ọ́fíìsì. Mo rò ó títí. N kò ní sọ fún yín pé òfàfà ni kowéè, tàbí pé kì í ṣe òun. Ohùn ìṣẹ́jú méjì kò tó ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹni tí ó mọ orúkọ yẹn yóò gbọ́ ohùn tí a ti gbà sílẹ̀, tí yóò sì so wọ́n pọ̀. Mo ti pa ẹyẹ kan rẹ́ rí ní 2008. Bẹ́ẹ̀ ni mo sì purọ́ fún bàbá mi ní ojú rẹ̀ tí kò ríran. N kò tíì tan ẹ̀dà náà. Ọmọbìnrin tí ó bi mí ní ìbéèrè àlùkò fẹ́ fi orúkọ àwọn ẹyẹ ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀, mo fún un ní ọgbọ̀n ohùn.

Ní òwúrọ̀ àná, kí ọkọ̀ òfurufú àkọ́kọ́ tó gbéra, Bàbá kan ilẹ̀kùn yàrá mi. Ó ti fi ọwọ́ tọ ògiri wá láti fàráǹdà. Ó ní nǹkan kan wà lórí igi máńgòrò aládùúgbò tí kò yẹ kí ó wà ní Èkó, kí n gbé ẹ̀rọ mi bọ̀ kíá, kí n má wọ bàtà.